Komondor àbí Kuvasz? Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó bá ilé yín mu

Húngárì ni ajá méjèèjì ti wá. Funfun ni wọ́n, ńlá ni wọ́n, iṣẹ́ kan náà sì ni àwọn darandaran ibẹ̀ fi ń lò wọ́n láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: kí wọ́n sùn ti agbo ẹran lóru, kí wọ́n kojú ìkookò àti olè, láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n yìnbọn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn torí pé wọn ò jẹ́ kí àjèjì wọ ilé tí wọ́n ń ṣọ́, irú méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run. Títí dòní wọn ò wọ́pọ̀, pàápàá lẹ́yìn òde Húngárì.

Àwòrán ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan láàárín wọn, àwòrán ò sì sọ ohun tó kàn yín. Iṣẹ́ tí wọ́n máa dì lé yín lórí ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Komondor á gba ọwọ́ yín, Kuvasz á gba ojú yín. Ọ̀kan ń fẹ́ wákàtí lórí irun, èkejì ń fẹ́ kí ẹ máa mọ ibi tó wà àti ohun tó ń wò ní gbogbo ìgbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé ọ̀kankan nínú wọn tiẹ̀ yẹ yín?

Ìgbésẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń fò jù, òun náà ló sì ń dá ajá padà sọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Ẹ ka iye àlejò tó ń wọlé yín lọ́sẹ̀ kan: ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ, ẹni tó ń kó ẹrù wá, oníṣẹ́ iná, mọ̀lẹ́bí tí kì í kan ilẹ̀kùn. Bí ilé yín bá dà bí ojú ọjà, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, ẹ wá irú ajá mìíràn. Ohun tó fà á ni pé ajá ẹ̀ṣọ́ agbo kì í tètè dàgbà ní ọpọlọ. Ọmọ oṣù mẹ́fà lè máa ju ìrù sí gbogbo ayé, àmọ́ láàárín oṣù 18 sí ọdún mẹ́ta, ọkàn ìṣọ́lé á dé, ajá yẹn kan náà á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, á kọ̀. Ẹni tó bá ti rò pé ọ̀yàyà ìgbà kékeré yẹn ni ìwà tí yóò bá ajá náà dàgbà, ìyàlẹ́nu ni yóò bá a.

Lẹ́yìn àlejò, ọgbà. Fẹ́ǹsì tó ṣeé fojú rí ni, kí gíga rẹ̀ má dín sí mítà 1.8, kí ìdí rẹ̀ wọ ilẹ̀ tàbí kó ní kọnkéré torí pé Kuvasz mọ ilẹ̀ gbẹ́, kí géètì sì máa padé fúnra rẹ̀. Fẹ́ǹsì oníná tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, tó ń fi iná ta ajá lọ́rùn, kò wúlò fún àwọn wọ̀nyí. Bí ajá bá rí ohun tó fẹ́ lé, á fara da iná náà, á jáde. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ tó fẹ́ wọlé, iná kan náà á dá a dúró síta. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wọlé bá ajá.

Ọ̀rọ̀ gbígbó náà wà ńlẹ̀. Òru ni iṣẹ́ wọn, òru ni wọ́n sì máa ń gbó. Kò sí ẹ̀kọ́ tó máa mú un kúrò pátápátá. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí ajá sùn sínú ilé. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ gba ìdáhùn onílé lákọsílẹ̀ kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀ ọmọ ajá, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín àti ìjọba ìbílẹ̀ bóyá òfin kan wà lórí ajá ẹ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sin ajá ńlá rí, ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ìwọ̀n wọn

Nínú ìlànà FCI, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò irú ajá, nọ́ńbà 53 ni Komondor, 54 ni Kuvasz. Akọ Komondor kì í kéré sí sẹ̀ǹtímítà 70 ní èjìká, ọ̀pọ̀ wọn ń súnmọ́ 80. Ó máa ń wọn kílò 50 sí 60. Abo bẹ̀rẹ̀ láti 65, kílò 40 sí 50. Akọ Kuvasz jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 71 sí 76, kílò 48 sí 62. Abo jẹ́ 66 sí 70, kílò 37 sí 50. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìbéèrè gidi ni bóyá ẹni tó kéré jù lágbára nínú àwọn tí yóò máa mú un jáde lè dá kílò 50 dúró nígbà tó bá fẹ́ sáré. Bí kò bá lè ṣe é, abo ni kí ẹ mú, irú yòówù tí ẹ bá yàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: irun

Ibí yìí gan-an ni ọ̀nà ti pín.

Ọmọ Komondor ní irun rírọ̀ tó ká. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, irun rírọ̀ abẹ́ àti irun líle òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ra. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń ta dàda fúnra rẹ̀. Ó ń dì lóòótọ́, àmọ́ abala gbàràgàdà ló máa ń dì sí, ẹ̀yin lẹ máa pín in sí dàda. Ẹ jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ wá ibi tó ti ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ fi ìka ya á láti orí irun títí dé awọ ara, kí ìdí dàda kọ̀ọ̀kan má ju fífẹ̀ owó ẹyọ kan lọ. Òòyà àti búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ kàn án. Ibi tó bá le jù fún ìka, ẹ fi àlùmọ́gàjí là á díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ya ìyókù. Ẹ̀yìn etí, abíyá àti ìdí ìrù ló máa ń dì kíákíá jù.

Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì, abala yẹn á bo ara, afẹ́fẹ́ ò ní dé awọ mọ́, ooru àti ọ̀rinrin á dá egbò sábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Kò sí àtúnṣe kankan nígbà yẹn ju kí wọ́n fá gbogbo rẹ̀. Dàda tó pé gba nǹkan bí ọdún méjì kó tó fìdí múlẹ̀, ó sì lè tó ọdún márùn-ún kó tó gùn dé ilẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú ọmọ ajá tí dàda rẹ̀ ti pé wá, ọ̀rọ̀ ò yé e.

Bí ẹ ṣe máa wẹ̀ ẹ́ nìyí:

1. Ẹ ya gbogbo dàda tó ti ń lẹ̀ mọ́ra kí omi tó kàn án. Omi máa ń mú kí ó dì sí i.
2. Ẹ po ṣámpú mọ́ omi nínú garawa, ìwọ̀n kan ṣámpú sí mẹ́wàá omi. Ẹ dà á sí irun títí yóò fi wọ awọ, ẹ máa fún un lọ́wọ́. Ẹ má gbo ó.
3. Ẹ fi omi ṣàn án títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́ kedere, kí ẹ tún ṣàn án fún iye àkókò kan náà. Ṣámpú tó bá ṣẹ́kù nínú dàda ló ń fa ara yínyún, òun náà ló sì ń fa ìdọ̀tí mọ́ra.
4. Ẹ fún dàda kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí, lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ ìnura mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tẹ omi kúrò.
5. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ lórí pákó tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ gbé fáànù méjì tì í, ẹ máa yí i. Afẹ́fẹ́ tútù tàbí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ ni kí ẹ lò, ẹ má lo gbígbóná.

Àgbà ajá tí dàda rẹ̀ ti pé lè gba ọjọ́ kan sí méjì kó tó gbẹ. Orí dàda máa ń tanni jẹ: ó ti gbẹ lókè, ìdí rẹ̀ sì ń rin. Ìdí náà ni kí ẹ fi ọwọ́ kàn. Bí omi bá pẹ́ nínú rẹ̀, á bu, òórùn á gbà á, kò sì sí ṣámpú tó máa lé òórùn yẹn lọ. Gígé nìkan ni. Ajá ilé kò nílò ìwẹ̀ kíkún ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Ohun tó ń fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ nu irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ gé irun abẹ́ ìrù kúrú, kí ẹ sì gé irun abẹ́ ikùn akọ, níbi tí ìtọ̀ ń kan.

Ó ku eégbọn. Oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dé awọ, ó sì ṣòro láti dé ibẹ̀ láàárín dàda. Èyí tí wọ́n ń fún un gbé mì rọrùn jù. Ẹ bá dókítà ẹranko sọ ọ́. Bákan náà, dàda kì í funfun báláú lọ títí. Ó máa ń di àwọ̀ eérú díẹ̀ tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí.

Ẹ lè fi kílípà gé e kúrú, kó kù bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gba á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Níbi tí ojú ọjọ́ bá ti máa ń rin nígbà gbogbo, a tiẹ̀ gbà pé ó sàn fún ajá náà.

Kuvasz kò ní irú wàhálà yìí. Irun rẹ̀ jẹ́ onígbì, gígùn rẹ̀ lókè apá àti itan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 sí 12. Búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà àti òòyà irin, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó tó. Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn máa ń gbẹ, á sì gbọn dànù fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ má máa wẹ̀ ẹ́ jù. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ó ń re. Bí àsìkò rírè bá dé, ojoojúmọ́ ni gbígba irun fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irun funfun á sì wà lára aṣọ, lórí àga àti nínú ọbẹ̀. Ẹ má fá a. Ipele irun méjì yẹn ló ń dáàbò bo awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwà

Komondor máa ń sinmi. Ní ọ̀sán, ó lè sùn sí ojú kan tó ti ń rí gbogbo ọ̀nà, kí ẹ máa rò pé ọ̀lẹ ni. Bí ohun kan bá yí padà, kì í kìlọ̀ púpọ̀. Ó máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì fi ara dí ẹni náà lọ́nà. Kuvasz kì í gbélẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Á yí ọgbà ká, á wá wò yín, á tún lọ. Ó máa ń sún mọ́ ìdílé gan-an, ó sì ní ọkàn tó tètè ń gbọgbẹ́: ẹni tó bá ń jágbe mọ́ ọn tàbí tó ń nà án á sọ ọ́ di ajá tí kò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́, ìyẹn sì léwu lára ajá tó tó báyìí.

Bí ọmọdé bá wà nílé, ewu tó wọ́pọ̀ jù lọ ni eré ìjà. Ọmọ yín àti ọmọ aládùúgbò ń ti ara wọn, ọ̀kan ń ké, ajá sì rí i pé wọ́n ń lu ọmọ òun. Méjèèjì lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ Kuvasz ló yára jù. Kò sí ẹ̀kọ́ tó dára tó kí ẹ ti ajá sí yàrá mìíràn nígbà tí ọmọ olọ́mọ bá wà nínú ilé.

Ẹ má retí pé ọ̀kankan á dáhùn bí ajá tó ń da ẹran, tó ń wojú ẹni kó tó gbé ẹsẹ̀. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á ronú lé e, wọ́n á wá pinnu. Ẹ má tú wọn sílẹ̀ láìsí okùn níbi tí kò sí fẹ́ǹsì.

Èrò tiwa: ìdílé tó ń fẹ́ kí ajá wà nínú ohun gbogbo tí wọ́n ń ṣe, tó sì lè bójú tó ẹnu ọ̀nà, kó mú Kuvasz. Ilé tó dákẹ́, tí àwọn àgbà pọ̀ níbẹ̀, tó ní ibi gbígbẹ tí ajá lè dùbúlẹ̀ sí fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìwẹ̀, Komondor ló bá a mu. Ẹni tó ń wá ajá tó máa bá a sáré ní òwúrọ̀, ibòmíràn ni kó gbà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wádìí ẹni tó ń sin ajá

Ẹ múra àtidúró. Bíbí wọn kì í pọ̀, ó sì lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kàn yín. Ẹni tó bá ní ọmọ Komondor nílẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ yẹra fún un.

Èsì àyẹ̀wò ìbàdí àwọn òbí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí pé àrùn oríkèé ìbàdí wọ́pọ̀ nínú irú méjèèjì. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo ìlànà FCI, ìpele A tàbí B, tó dára jù, ni kí ẹ gbà. Ní Amẹ́ríkà, OFA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìlera ajá, ló ń fún ni ní ìwé, kì í sì í fúnni ní èyí tó pé kí ajá tó pé oṣù 24. Èyí túmọ̀ sí pé ìyá tí kò tíì pé ọdún méjì kò lè ní in. Fún Kuvasz, ẹ fi kún un: àyẹ̀wò ìgúnpá, ìtàn bóyá kèrékèré èjìká ti bó rí nínú ẹbí náà, àti àyẹ̀wò DNA fún prcd-PRA, àrùn tó ń sọ ajá di afọ́jú díẹ̀díẹ̀. Ajá méjì tó jọ gbé àbùkù yẹn kò gbọdọ̀ gun ara wọn. Fún Komondor, ojú ló jà jù: ìpéǹpéjú tó yí sínú tó ń họ ẹyinjú, àti ẹyinjú tó ń funfun láti kékeré.

Ẹ dá wọn mọ̀ kí wọ́n má ta òmíràn fún yín. Puli náà ń ta dàda, àmọ́ kì í ga ju bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, ó sì lè dúdú. Komondor kì í dúdú láé. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Kuvasz lè jẹ́ ajá òkè Pyrenees, Tatra láti Poland tàbí Čuvač láti Slovakia. Ẹ ya irun Kuvasz, ẹ wo awọ: àwọ̀ eérú dúdú ló máa ń ní. Ìwé ìran ló máa parí ọ̀rọ̀.

Ẹ wo ìyá. Bí wọn ò bá jẹ́ kí ẹ rí i, ẹ padà sílé. Ìyá tó gbó yín kò ṣe nǹkan kan. Ìyá tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ lẹ́yìn ìdajì wákàtí tí olówó rẹ̀ ti kí yín káàbọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nínú àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí nǹkan kan já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èyí tó ta gìrì, tó wá padà wá wò ó, ni kí ẹ mú. Èyí tó sá pamọ́ tí kò jáde mọ́ kò dára fún ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni ògbójú tó ń tẹ gbogbo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kó pé kó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oúnjẹ àti oríkèé

Oúnjẹ ọmọ ajá ńlá ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sára àpò rẹ̀. Ẹ má fi kálísíọ̀mù kún un. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ń ba egungun tó ń dàgbà jẹ́. Kí ẹ lè fọwọ́ kan egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Kò sí sísáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́, kò sí fífò láti orí ọkọ̀, títí yóò fi pé nǹkan bí oṣù 18.

Àgbà ajá tó wọn kílò 50 ń fẹ́ bíi kálórì 1,850 sí 2,100 lójúmọ́. Bí oúnjẹ gbígbẹ yín bá ní 3,600 nínú kílò kan, ó jẹ́ gíráàmù 510 sí 580. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má sì jẹ́ kó sáré lẹ́yìn oúnjẹ, torí pé àpòlúkù ajá tí àyà rẹ̀ jìn lè wú kí ó sì yí po. Bí ikùn bá le gbandi, tó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan kò jáde, tó ń da itọ́, tí kò lè dùbúlẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́. Ẹ lè bi dókítà bóyá wọ́n lè rán àpòlúkù mọ́ ara inú nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Ìgbésẹ̀ keje: oṣù àkọ́kọ́

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ 14, ẹ jẹ́ kó rí onírúurú èèyàn, kẹ̀kẹ́, agboòrùn, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Kó rí wọn láìsí pé gbogbo wọn ń fọwọ́ pa á lórí. Lójoojúmọ́, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀, etí àti eyín rẹ̀. Ẹni tó máa yẹ ajá kílò 55 wò lọ́la á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Bí àlejò bá ń bọ̀, ẹ gbé ajá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí àlejò jókòó tán. Ẹ mú ajá wọlé pẹ̀lú okùn, kí ẹnikẹ́ni má wojú rẹ̀, kó gbóòórùn wọn nígbà tó bá wù ú. Ẹ má rò pé ẹni tó gbà lónìí á rí ọ̀nà wọlé lọ́la bí ẹ kò bá sí nílé. Ẹ má sì yìn ín rárá nígbà tó bá ń gbó èèyàn, kódà bó bá pa yín lẹ́rìn-ín.

Ẹ má ra ọmọ ajá méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó bá ṣì ṣòro láti yàn

Ẹ bẹ ẹni tó ń sin Komondor kó jẹ́ kí ẹ bá wọn wẹ àgbà ajá kan, láti yíya irun títí dé fáànù. Kí ẹ tún lo ọ̀sán kan nílé ẹni tó ní akọ Kuvasz tó ti ju ọdún mẹ́ta lọ, ní ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀. Ọmọ ajá kò ní fi ohunkóhun hàn yín. Àgbà ni kí ẹ wò.

Irú yòówù kí ẹ mú, kí ìwé àdéhùn sọ pé ẹni tó ta ajá náà fún yín á gbà á padà nígbàkigbà bí ẹ kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, nítorí ilé tó lè gba àgbà ajá ẹ̀ṣọ́ agbo ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí ìyẹn, ẹ má san owó fún un.